Owó Tí A Ń Fi Ránṣẹ́ Sílé

 

Ọ̀rọ̀ owó ilé ni a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, nítorí ó ti ń di ohun tí ó fẹ́ pín wa sí méjì. Àwọn kan nínú wa gbà pé owó tí ènìyàn bá rí ní òkè Ọya, ilé ni kí ó máa lọ, nítorí ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Àwọn mìíràn, tí ó jẹ́ pé Jos níhìn-ín ni a bí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sí, ń béèrè ohun tí wọ́n rí gbà padà nínú gbogbo owó tí àwọn bàbá wọn ti ń fi ránṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ náà gbóná ni pé láàárín ọdún kan, ìwé ti dé sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa láti ìlú mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń béèrè owó: ọ̀kan fún gbọ̀ngàn ìlú, ọ̀kan fún àtúnṣe ààfin, ọ̀kan fún ayẹyẹ ọjọ́ ìlú. Nínú ọdún kan náà, opó ọmọ ẹgbẹ́ wa kan wá bá wa fún owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀, a sì ṣí àpò ẹ̀ka, a kò bá ohun tí ó tó nǹkan níbẹ̀.

Kí á tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ó yẹ kí á mọ ohun tí owó ilé ń ṣe gan-an, fún ẹni tí ń gbà á, fún ẹni tí ń fi í ránṣẹ́, àti fún ìlú méjèèjì.

Kì í ṣe Dadin Kowa nìkan ni ọ̀rọ̀ náà wà, kì í sì í ṣe láàárín Yorùbá nìkan. Báńkì Àgbáyé, tí í máa ṣírò irú nǹkan báyìí lọ́dọọdún, sọ pé ní ọdún 2023, owó tí àwọn tí ó wà ní ìdálẹ̀ fi ránṣẹ́ sí àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀ ju 650 bílíọ̀nù dọ́là lọ. Índíà nìkan gba nǹkan bí 120 bílíọ̀nù nínú rẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà gba nǹkan bí 54 bílíọ̀nù, Nàìjíríà nìkan ṣoṣo sì kó ju ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ. Owó yìí ju èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá òkèèrè ń kó wá fi dá òwò sílẹ̀ ní àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí, ó sì ju ìrànwọ́ tí àwọn ìjọba ọlọ́rọ̀ ń fún wọn lọ. Ẹ wo àwọn tí ń ṣe é: nọ́ọ̀sì tí ń ṣiṣẹ́ òru, awakọ̀, ọmọ tí ń fọ abọ́ ní ilé oúnjẹ, ẹni tí ń ṣọ́ géètì. Kò sí mínísítà kankan láàárín wọn. Ní ilẹ̀ Gáḿbíà, nínú gbogbo dálásì márùn-ún tí ìlú náà ń pa lọ́dún, ó ju ẹyọ kan lọ tí ó jẹ́ owó tí àwọn ọmọ wọn fi ránṣẹ́ láti òkèèrè. Orílẹ̀-èdè tí ó bá dà báyìí, bí òtútù bá mú àwọn ará Yúróòpù, òun ni ó máa ń wúkọ́.

Ní ti Nàìjíríà, owó tí a kà ní ọdún 2019 tó nǹkan bí 23 bílíọ̀nù dọ́là ó lé díẹ̀. Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní 2020, ó wálẹ̀ sí nǹkan bí 17 bílíọ̀nù. Àrùn náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn lókè òkun. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú ìdínkù náà tí kì í ṣe ìdínkù rárá. Owó náà kàn yà gba ọ̀nà mìíràn ni, àwa oníṣòwò sì mọ ọ̀nà náà dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí á ṣàlàyé rẹ̀, nítorí àwọn kan nínú wa ń lò ó láì mọ ohun tí ó ń ṣe. Ọmọ kan wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, ó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ níhìn-ín. Bí ó bá gba ọ̀nà báńkì, wọn yóò fún ìyá rẹ̀ ní iye ti báńkì. Bí ó bá gbé pọ́n-ùn rẹ̀ fún àwọn tí ń ṣẹ́ owó níbẹ̀, ẹnìkejì wọn tí ó wà ní Nàìjíríà yóò fi náírà tí ó pọ̀ ju ti báńkì lọ sínú àpò ìfowópamọ́ ìyá náà lọ́jọ́ kan náà. Ìyá rí owó, ó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n pọ́n-ùn náà kò kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó wà níbẹ̀ tí oníṣòwò ńlá kan tàbí olóṣèlú kan yóò fi rà á, tí yóò fi ra ilé tàbí san owó ilé-ìwé ọmọ tirẹ̀. Ìyá ti jẹun, ìlú kò rí pọ́n-ùn. Bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ pé pọ́n-ùn àti dọ́là yẹn ni ìlú fi ń ra àlìkámà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì, oògùn, ìpara ẹ̀rọ mọ́tò àti ẹ̀rọ ìrànṣọ. Kò sí ẹni tí yóò gba náírà lọ́wọ́ wa ní Amẹ́ríkà kí ó fún wa ní àlìkámà.

Báńkì Àpapọ̀ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ní ìparí ọdún 2020 ni ó fi àṣẹ lélẹ̀ pé kí ẹni tí a fi owó ránṣẹ́ sí máa gba dọ́là gan-an ní ọwọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2021 ó tún ní òun yóò fi náírà márùn-ún kún dọ́là kọ̀ọ̀kan fún ẹni tí ó bá gba ọ̀nà tí ó tọ́. Náírà márùn-ún! Nígbà yẹn gan-an, ìyàtọ̀ àárín iye ti báńkì àti iye ti ìta ju ìyẹn lọ dáadáa. A kò bú wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ta ọjà rí yóò mọ̀ pé irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ kò lè yí ẹsẹ̀ oníbàárà padà. Ohun tí ó yí i padà díẹ̀ ni ti oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí a tú okùn náírà sílẹ̀, tí iye báńkì àti iye ìta súnmọ́ ara wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ tún yí òfin padà pé náírà ni kí a máa san fún ẹni tí ń gba owó nílé, kí dọ́là lè wà nínú báńkì.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí títú okùn náà ṣe sí ilé àwa tálákà. Dọ́là tí ó jẹ́ nǹkan bí 470 náírà ní báńkì kí oṣù kẹfà 2023 tó dé, ti ju 1,400 lọ ní oṣù kejì ọdún 2024. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà ní Kánádà rí i pé igba dọ́là kan náà di náírà ìlọ́po mẹ́ta. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ta áírìṣì ní ọjà Farin Gada kò rí nǹkan kan kún un, àpò ìrẹsì kan náà ni àwọn méjèèjì sì jọ ń nà. Báyìí ni owó òkèèrè ṣe ń ya àwọn aládùúgbò sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe ibi. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí i ní òpópónà wa: ilé tí ẹnì kan ti lọ sí òkè òkun ń kun ọ̀dà tuntun, ilé tí ó kọjú sí i ń ta fìríìjì rẹ̀.

Owó ìfiránṣẹ́ pàápàá ní ẹni tí ń bù jẹ nínú rẹ̀. Bí a bá fi igba dọ́là ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Áfíríkà ti apá ọ̀dọ̀ wa, nǹkan bí 8 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ń lọ sọ́wọ́ àwọn tí ń gbé e rìn, èyíinì ni dọ́là mẹ́rìndínlógún. Àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé ti fi ẹnu kò pé kí ó tó ọdún 2030, kí ó má ju 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. A ń wo ọ̀nà.

Ní báyìí, owó tí àwa fúnra wa ń fi ránṣẹ́ láti Jos sí Ògbómọ̀ṣọ́, sí Ọ̀fà, sí Ìlọrin, sí Ìwó àti Ẹdẹ, kì í ṣe irú ti Peckham. Náírà ni, nínú Nàìjíríà kan náà. Kò fi dọ́là kan kún àpò ìlú. Láti inú ìkòkò kan ni a ń bù ú sínú ìkòkò kejì. Èyí kò wí pé asán ni. Ibi tí a ti bù ú ń fà sẹ́yìn díẹ̀, ibi tí a dà á sí ń gbérí díẹ̀, ìyẹn ni gbogbo ìjà náà, ó sì ti pẹ́ tí a ti ń jà á ní orí òkè yìí.

Ní ọdún 1914 ni réluwéè kékeré láti Zaria dé Bukuru nítorí kùsà. Ní 1927 ni ojú irin ńlá gba Kafanchan wọ Jos. Àwọn bàbá wa bá ojú irin náà wá: akọ̀wé réluwéè, káfíńtà, télọ̀, àwọn tí ń ta aṣọ àti àwọn tí ń ta wóróbo. Ọwọ́ pósófíìsì ni owó wọn ń gbà lọ sílé, tàbí ọwọ́ ẹni tí ń lọ fún ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì, tí a óò ran owó sínú aṣọ rẹ̀. Lójú iṣẹ́ kùsà náà, àwọn alágbàṣe tí ó ń wà á ń fi owó ránṣẹ́ sí abúlé wọn, àwọn oníṣòwò ń fi ránṣẹ́ sí ìlú wọn, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó sì ń kó èrè tiwọn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Bí a bá ń ka àwọn tí ó kó owó kúrò ní orí òkè yìí, a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé pé àwọn wọ̀nyí ni ó kó èyí tí ó pọ̀ jù. Nígbà tí ọjà kùsà àgbáyé dojú dé ní oṣù kẹwàá ọdún 1985, ohun tí ó kù fún àwọn onílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ abúlé ni kòtò tí omi kún, tí àwọn ọmọdé ń rì sí. Onílẹ̀ tí ó bá rántí èyí, tí ó sì rí i pé oníṣòwò àlejò ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí ìlú rẹ̀, kò ní ṣe kí inú rẹ̀ má run díẹ̀. Ó yẹ kí á mọ èyí, bí a kò tilẹ̀ gbà pé ẹ̀bi wa ni.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má wí fún wa pé owó tí àwọn bàbá wa fi ránṣẹ́ ṣòfò. Ní ọdún 1943 ni ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ọ̀fà dá ilé-ìwé girama Ọ̀fà sílẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó mọ iye dókítà, olùkọ́ àti ẹnjiníà tí ó ti gba ibẹ̀ jáde. Púpọ̀ nínú owó irú ẹgbẹ́ báyìí, ọwọ́ àwọn tí ó wà ní ìdálẹ̀ ni ó ti wá, ṣílè kan, ṣílè méjì. Nígbà tí ìjọba kò tíì rò ó, àwọn tí ń ta aṣọ ní òkè Ọya ti ń rò ó. Owó tí ó bá di ilé-ìwé kò ṣòfò ní ibikíbi tí wọ́n bá kọ́ ọ sí.

Ohun tí ó ń bà wá lẹ́rù ni ti Gáná. Àwọn àgbà wa kan ṣì wà tí ó rántí. Àwọn ènìyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Ìgbẹ́tì, Ṣakí àti Èjìgbò ti wà ní Tamale, ní Kumasi, ní àwọn ọjà kéékèèké gbogbo, fún ìran méjì, ìran mẹ́ta. Wọ́n ń tà, wọ́n ń rà, wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sílé. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀kan nínú ẹ̀sùn tí a ń gbọ́ ní ẹnu àwọn ará ìlú ni pé àwọn àlejò ń kó owó ìlú jáde, wọ́n sì ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ onílé. Àwọn ènìyàn wa ta ọjà wọn ní ìtàkutà, wọ́n fi gbèsè tí a jẹ wọ́n sílẹ̀, wọ́n gun lọ́rì. Àwọn oko kòkó Gáná pàdánù alágbàṣe, ọjà wọn pàdánù ẹni tí ń gbé ẹrù dé abúlé. Ìjìyà náà kò sì mọ sí ẹnì kan. Kí á má sì ṣe bí ẹni pé Gáná nìkan ni ó ṣe irú rẹ̀: ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà fi irú ẹnu kan náà lé àwọn ará Gáná jáde, ọ̀sẹ̀ méjì kan náà, nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn. Àpò ńlá tí a fi ń di ẹrù ṣì ń jẹ́ orúkọ wọn títí di òní.

Nínú àwọn tí ó ti Gáná dé, àwọn tí ó ti fi owó kọ́lé bá ibi sùn. Èyí ni ẹ̀rí tí àwọn àgbà wa fi ń gbá tábìlì ní ìpàdé, òótọ́ ni wọ́n sì wí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ apá kejì pẹ̀lú. Ilé wà, òwò kò sí. Ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ní Kumasi jókòó sí iwájú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀, ó ń ta sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ni ó tún dìde, tí ó wá àjò mìíràn lọ, àwọn mìíràn nínú wọn sì gba òkè Ọya wá. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò bímọ. Ohun tí a kò kọ́ sílé ni ibi tí ọmọ wa yóò ti rí iṣẹ́ ṣe.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí odidi orílẹ̀-èdè kan. Lesotho ní gúúsù Áfíríkà fi àwọn ọkùnrin rẹ̀ ránṣẹ́ sí ibi ìwakùsà wúrà ní Gúúsù Áfíríkà. Ní 1974 ìjọba wọn ṣe òfin pé apá tí ó pọ̀ jù nínú owó iṣẹ́ àwọn awakùsà náà, nílé ni kí wọ́n ti máa gbà á, kí ó lè dé ọwọ́ ìyàwó àti ọmọ, kí báńkì ìlú sì lè rí i lò. Fún ìgbà pípẹ́ ó dára. Ní nǹkan bí 1990, àwọn tí ó wà níbẹ̀ ju 100,000 lọ. Lẹ́yìn náà ni wúrà ń wálẹ̀, tí a ń dá wọn dúró lọ́dọọdún, abúlé tí ó ti gbẹ́kẹ̀ lé owó oṣù náà kò sì ní oko tí ó dára tàbí iṣẹ́ mìíràn tí yóò padà sí.

Kí ni ó dé tí àwa náà fi ń kó gbogbo rẹ̀ lọ sílé? Àwọn ọ̀dọ́ rò pé ìgbéraga ni, pé kí a lè wí nílé pé lágbájá kọ́lé. Ìgbéraga wà níbẹ̀, a kò ní purọ́. Ìbẹ̀rù ni ó pọ̀ jù. Ọmọ tí a bí sí Dadin Kowa, tí ó lọ ilé-ìwé ní Dadin Kowa, tí ó ń sọ Haúsá ju Yorùbá lọ, bí ó bá fẹ́ ìwé ọmọ onílẹ̀ láti fi wọ yunifásítì tàbí iṣẹ́ ìjọba, a ó ní kí ó lọ gbà á ní Ọ̀ṣun, ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Kwara, ní ìlú tí ó lè jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ó ti dé ibẹ̀ rí. Bí bàbá rẹ̀ kò bá san owó ìlú, ta ni yóò mọ̀ ọ́n níbẹ̀? Nítorí náà owó ilé tí a ń san kì í ṣe ẹ̀bùn nìkan. Owó ìdáàbòbò ni, bí èyí tí onímọ́tò ń san fún ilé iṣẹ́ ìbánigbófò. Òfin tí ó sọ ènìyàn di àlejò títí láé ni ó ń lé owó rẹ̀ kúrò ní ìlú tí ó ń gbé. Ìjọba tí ó bá fẹ́ kí àlejò dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Jos, ibẹ̀ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ti ìjà. Ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án 2001, ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá 2008, ọjọ́ 17 oṣù kìíní 2010: kò sí ilé Yorùbá kan ní Jos tí kò mọ ibi tí ó wà ní àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn. Láàárín wọn ni ọjà ńlá wa ní Terminus jóná, ní oṣù kejì 2002. Iná yẹn kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ apá méjì. Ẹni tí gbogbo owó rẹ̀ wà nínú ṣọ́ọ̀bù kò ní ohunkóhun lọ́jọ́ kejì. Ẹni tí gbogbo owó rẹ̀ ti di sìmẹ́ǹtì nílé pàápàá kò rí ohun tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí a kì í gé ògiri tà. Àwọn tí ó tètè gbéra ni àwọn tí ó ní àjọ àti èsúsú níhìn-ín, tí ọ̀rẹ́ lè gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan náà.

A sì rántí ohun kan tí ó yẹ kí á máa dárúkọ. Nígbà tí àdúgbò pọ̀ tí ó ń jóná ní Jos, Dadin Kowa wà lára àwọn tí kò jó. Kì í ṣe ọ̀run ni ó ṣe é. Àwọn Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ni ó kó ara wọn jọ, àwọn àgbà bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ ní òru, wọ́n sì kọ̀ kí ẹnikẹ́ni láti ìta wá dá ìjà sílẹ̀. Orúkọ àdúgbò wa ní Haúsá sọ pé adùn gbogbo ènìyàn ni. Owó tí a fi ṣe kùtùpá, tí a fi ra tọ́ọ̀ṣì fún àwọn tí ń ṣọ́ òru, tí a fi gbọ́ bùkátà ìpàdé àwọn àgbà, kékeré ni. Bí a bá ṣírò ohun tí ó gbà là, kò sí gbọ̀ngàn ìlú kan tí ó tó o.

Ní ti ilé, a fẹ́ sọ òkodoro. Ilé tí ó ń mówó wọlé, ilé tí ìyá ń gbé, a kò lòdì sí i. Ṣùgbọ́n ẹ gba àárín àwọn ìlú wa kọjá ní oṣù kẹwàá, nígbà tí kò sí ọdún: ẹ ó rí ilé olójúlé mẹ́jọ tí ẹ̀ṣọ́ kan àti àdán ń gbé. Owó tí gbogbo wa ń kó lọ ra ilẹ̀ ti mú kí ilẹ̀ wọ́n ju ohun tí ọ̀dọ́ tí ó dúró nílé lè rà lọ. Olùkọ́ tí ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò lè bá oníṣòwò Jos dupò lórí ilẹ̀, oníṣòwò Jos kò sì lè bá nọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù dupò. Báyìí ni ẹni tí ó dúró ti ìlú ń di àlejò ní ìlú rẹ̀. Ní ti ìsìnkú aláriwo, oúnjẹ ọjọ́ kan tí a fi gbèsè ọdún méjì sè, a ti sọ ti ìyẹn tẹ́lẹ̀, ẹnu ti rẹ̀ wá.

Ohun kan tún wà tí owó ilé ń ṣe tí a kì í sọ. Ó ń mú kí ìjọba sùn. Transformer bàjẹ́, ẹgbẹ́ rà á. Omi kò sí, ẹgbẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. Alága ìjọba ìbílẹ̀ wá ṣí i, ó gé rìbọ́nì, ó sì ya fọ́tò níwájú ohun tí owó rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ní Mẹ́síkò, àwọn ọmọ ìlú tí ó wà ní Amẹ́ríkà kò gbà bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 2002, ètò kan wà jákèjádò ilẹ̀ náà pé bí ẹgbẹ́ ìlú bá mú owó kan wá fún iṣẹ́ ìlú, ìjọba àpapọ̀ yóò fi ẹyọ kan sí i, ìjọba ìpínlẹ̀ ẹyọ kan, ìjọba ìbílẹ̀ ẹyọ kan. Ètò náà ti dópin báyìí, àwọn kan sì sọ pé àwọn ìlú tí ó ní ọmọ púpọ̀ lókè òkun ni ó jèrè rẹ̀ jù. Síbẹ̀, fún bí ọdún mélòó kan, ẹni tí ó bá fẹ́ gé rìbọ́nì ní láti mú owó wá. Àwọn ẹgbẹ́ ìlú wa lè béèrè irú rẹ̀. Kí wọ́n tó kọ ìwé sí wa lẹ́ẹ̀kan sí i, kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìwé tí wọ́n kọ sí ìjọba ìbílẹ̀ hàn wá, àti èsì rẹ̀.

Ohun tí ìgbìmọ̀ ẹ̀ka gbé kalẹ̀ nìyí, tí a ó sì dìbò sí, àwa tí a ń kọ ìwé yìí sì fara mọ́ ọn. Kò sí ẹni tí yóò dá owó tí ènìyàn ń fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ dúró, ìyẹn kò kan ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n owó ìlú èyíkéyìí tí a bá gbà ní Jos ní orúkọ ìlú kan, náírà kan nínú mẹ́rin yóò dúró nínú àpò ẹ̀ka. Iṣẹ́ mẹ́ta ni a ó fi í ṣe. Èkíní, owó ilé-ìwé ọmọ tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tí ó kú. Èkejì, owó tí a ó yá ẹni tí iná tàbí ìjà bá ba ọjà rẹ̀ jẹ́, láìgba èlé, tí yóò san án padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀kẹta, ìpín tiwa nínú iṣẹ́ àdúgbò, gọ́tà, omi àti àwọn tí ń ṣọ́ òru, tí a ó jọ máa ṣe pẹ̀lú àwọn aládùúgbò wa yòókù, Bẹ̀róm, Haúsá, Ígbò àti gbogbo wọn, kí orúkọ wa lè wà nínú ìwé tí a fi ń ka àwọn tí ó kọ́ ibí yìí.

Àwọn tí yóò máa fọwọ́ sí owó náà ní báńkì jẹ́ mẹ́ta: Mùsùlùmí kan, Kìrìsìtẹ́nì kan, àti ìyálọ́jà kan láàárín àwọn obìnrin wa. Ẹni tí ó bá ní àtúnṣe, tí ìdá kan nínú mẹ́rin pọ̀ jù tàbí kéré jù lójú rẹ̀, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ akápò kí oṣù tó parí. Gbogbo rẹ̀ ni a ó kà sókè, títí kan ti àwọn tí ó bú wa.